Rédíétọ̀ Corolla mi ti là, mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ fúnra mi nílé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìyìn:
Èkìtì kete, ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé o. Corolla 2005 ni mo ń wà, ọtomátíìkì, ẹ́ńjìnnì 1.8. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń lọ sí Ìbàdàn, mo ti kọjá Àrámọkọ, bí mo ṣe ń gun òkè lọ sí Ìtàwúrẹ́ báyìí ni mo rí i tí abẹ́rẹ́ gééjì ooru ń sáré lọ sókè, kí n tó rí ibi páàkì sí èéfín ti gba gbogbo bónẹ́ẹ̀tì. Mo pa á, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bíi wákàtí kan kó tó tutù. Ìgbà tí mo wò ó, ike dúdú tó wà lórí rédíétọ̀ yẹn ló là gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu hóòsì. Wọ́n bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo bu omi kún un, mo rọra padà sí Adó, ìgbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ó tún ti ń jò. Ìgbà kẹta rèé tí wọ́n máa lẹ rédíétọ̀ kan náà lọ́dún yìí nìkan, gbogbo ìgbà ni mo ń sanwó, ó ti sú mi pátápátá. Mo fẹ́ wá òmíràn rà kí n pààrọ̀ ẹ̀ fúnra mi ní Sátidé nínú kọ́ńpáùn wa ní Bàsírì. Mo ti pààrọ̀ bíréèkì páàdì rí, mo ti yọ púlọ́ọ̀gì rí, sípánà wà nílé. Kí ni kí n mọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án?

Mẹkáníìkì Ajílọ́sùn:
Àbúrò, o kú ewu ọ̀nà. O ṣeun tó o páàkì lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó máa ń sọ pé ẹ jẹ́ n kàn gun òkè yìí tán ná, àwọn ló ń wá gbé sílíńdà hẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Kó o tó lọ ra nǹkan kan, wádìí ná bóyá rédíétọ̀ nìkan ni wàhálà ẹ̀. Ní ìdájí tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, ṣí ìdérí, bu omi kún un, sítáàtì, kó o tẹjú mọ́ ẹnu ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré. Tí omi bá ń ru gùdùgùdù bí ẹ̀kọ tó ń hó, tó sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná rárá, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀, ti lọ, atẹ́gùn inú sílíńdà ló ń bọ́ sínú omi. Tún ṣí ibi tí wọ́n ń da ẹ́ńjìnnì ọ́ílì sí. Tó o bá rí nǹkan tó dà bíi mílíìkì lábẹ́ ìdérí ẹ̀, tàbí tí èéfín funfun ò dáwọ́ dúró ní sàlẹ́ńsà bí mọ́tò bá ti gbóná tán, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti rédíétọ̀ nìyẹn. Mo ń sọ èyí torí mo ti rí ẹni tó ra rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì. Atẹ́gùn tó ń jáde láti inú sílíńdà máa ń ti omi, omi á wá ibi tó rọ jù gbà jáde, ike orí rédíétọ̀ ló sì máa ń rọ jù.

Ti gọ́ọ̀mù yẹn, gbàgbé ẹ̀. Rédíétọ̀ àtijọ́, bàbà ni, wọ́n lè jó o kó sì gbé e lọ fún ọdún púpọ̀. Ti ìsìnyí, àárín ẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, orí àti ìdí ẹ̀ jẹ́ ike, rọ́bà ló wà láàárín wọn, eyín irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ike tí ooru ti jẹ fún ogún ọdún ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, o lẹ apá kan, apá kejì á là.

Ìyá Ìbejì Ìkéré:
Ẹ kú uṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ wa. Sienna lèmi ń wà, iṣu ni mo fi ń kó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ibí yìí gbọ́ ọ dáadáa: ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Àbúrò mi ọkùnrin ṣí i lójú mi ní ọ̀nà Ìgbàrà-Òdò, ó fi àkísà dì í mú, ó ní òun máa rọra yí i. Omi yẹn tú jáde bí ẹni fi ìbínú dà á, ojú àti àyà ẹ̀ bó, oṣù mẹ́ta gbáko la fi tọ́jú ẹ̀. Títí dòní tí mo bá rí ẹni tó ń na ọwọ́ síbẹ̀ lójú ọ̀nà, mo máa ń páàkì kí n kígbe mọ́ ọn.

Mẹkáníìkì Ajílọ́sùn:
Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ mà kú ìtọ́jú o. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ohun tó fà á sì rèé kó lè yé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Ìdérí yẹn kì í ṣe ìdérí lásán, ó ní sípíríǹgì nínú, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa tẹ omi mọ́lẹ̀. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ 0.9 tàbí 1.1 sórí ẹ̀. Omi tó yẹ kó hó ní 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, lábẹ́ ìdérí 1.1 ó lè tó nǹkan bíi 120 kó tó hó. Torí náà omi inú rédíétọ̀ lè ti kọjá 100 kó má tíì hó, ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí ni gbogbo ẹ̀ máa hó lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó jẹ́ kó ta bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìdérí tó ti kú náà máa ń jẹ́ kí mọ́tò hó láìsí ibi tó ń jò, torí sípíríǹgì ẹ̀ ò tẹ omi mọ́. Ọmọ Ìyìn, tó o bá ń ra rédíétọ̀, ra ìdérí tuntun mọ́ ọn, kó jẹ́ nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ìyìn:
Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ṣé mà. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n wa náà o. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdájí òní, omi ò ru, ọ́ílì mọ́, èéfín kankan ò jáde. Ó dá bí ẹni pé rédíétọ̀ nìkan ni. Ṣé kí n ra tuntun inú páálí àbí tòkúnbọ̀?

Ará Ọ̀yẹ́:
Tòkúnbọ̀ ni kó o rà jàre. Àwọn tuntun kan tí wọ́n ń tà yẹn fẹ́lẹ́ bíi bébà, àárín ẹ̀ ò nípọn, tó o bá gbé e dání lo máa mọ̀. Tòkúnbọ̀ tó bá jẹ́ ojúlówó tó bá ọkọ̀ wọlé láti ìlú òyìnbó á sìn ọ́ jùyẹn lọ.

Mẹkáníìkì Ajílọ́sùn:
Ọ̀rẹ́ mi, mi ò bá ẹ fà á lórí àwọn tó fẹ́lẹ́ yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ike tòkúnbọ̀ yẹn, ọjọ́ orí kan náà ni òun àti èyí tó là yìí. Tówó ẹ bá ká a, ra tuntun tó nípọn. Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lowó ẹ mọ, má gbé e lọ sílé láì tíì dán an wò. Gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹ di ẹnu hóòsì kan pa, ẹ ti rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ èkejì, ẹ rì í sínú omi bí wọ́n ṣe ń ṣe túùbù. Kí fọkanáísà má fún un ju 15 (psi) lọ o, kí ó máa fún un díẹ̀díẹ̀, torí ẹni tó ń fún táyà ní 35 lójoojúmọ́ lè gbàgbé, á sì bẹ́ ẹ láìnídìí. Tó o bá rí ìfófòó kékeré báyìí tó ń jáde, dá a padà fún ẹni tó tà á.

Yálà tuntun ni o tàbí tòkúnbọ̀, gbé ti àtijọ́ àti èyí tó o fẹ́ rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tàbí kó o ya fọ́tò ti tìẹ dání. Mọ́tò tìẹ, ọtomátíìkì ni, rédíétọ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹnu páìpù kékeré méjì nísàlẹ̀, ti máńúà kò ní wọn. Wọ́n ti ta ti máńúà fún ẹni tó ń wa ọtomátíìkì rí.

Awakọ̀ Ìfàkì:
Páìpù kékeré méjì yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti pàdánù gíáà. Nínú ìdí rédíétọ̀ ọtomátíìkì, páìpù kan wà níbẹ̀ tí gíáà ọ́ílì ń gbà kọjá, omi rédíétọ̀ ló yí i ká, ibẹ̀ ni gíáà ọ́ílì ti ń tutù. Bẹ́ ẹ bá ti dé Ìkọ̀gọ̀sì rí, ẹ mọ bí omi gbígbóná àti omi tútù ṣe ń ṣàn wá pàdé ara wọn, ti ibí yìí ò gbọ́dọ̀ pàdé láé, irin tín-ín-rín kan ló là wọ́n. Rédíétọ̀ tòkúnbọ̀ tí mo rà, irin yẹn ti jẹ nínú, kò hàn síta rárá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan gíáà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, mo fa dípsítíìkì, irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ílì, ọ́ílì tó yẹ kó pupa ti di àwọ̀ pínkì bí ìgbà téèyàn po sítírọ́bẹ́rì mọ́ mílíìkì. Gíáà náà ò tún ṣeé tún ṣe mọ́, mo ra òmíràn. Torí ẹ̀, ẹni tó bá ra tòkúnbọ̀, kó dí ẹnu páìpù kékeré méjèèjì náà kó fún un ní atẹ́gùn tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó má jẹ́ ibi omi nìkan ló máa dán wò.

Ọmọ Ìyìn:
Háà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ti pinnu, tuntun ni màá rà, màá mójú tó bó ṣe nípọn.

Mẹkáníìkì Ajílọ́sùn:
Ó dáa. Jẹ́ n to gbogbo iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí èmi ṣe máa ń ṣe é, kó o tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kó o páàkì sí. Mo mọ bí ilẹ̀ Adó ṣe rí, ọ̀pọ̀ kọ́ńpáùn ló dagẹ̀rẹ̀, tó bá jẹ́ pé kò sí ibi tó tẹ́jú, kí orí mọ́tò kọjú sókè, má jẹ́ kó kọjú sí ìsàlẹ̀, torí tí iwájú bá wà nísàlẹ̀ atẹ́gùn á há sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tó o bá ń da omi padà. Fi òkúta há táyà, fa háńdíbíréèkì. Tó o bá máa wọ abẹ́ ẹ̀, má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e, wá irin ìdúró tàbí igi ìtì tó lágbára tì í. Tú négétíìfù bátìrì kúrò kí fáànù má bàa ṣàdédé yí nígbà tí ìka ẹ wà níbẹ̀.

Gbé báàsì sábẹ́. Bọ́ọ̀tù ike kékeré kan wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀, ọwọ́ lásán ni kó o fi tú u, kó o ṣí ìdérí òkè kómi lè sáré jáde. Omi inú Corolla yẹn lápapọ̀ tó nǹkan bíi lítà 6.5, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ kọ́ ló máa jáde, apá kan á kù sínú ẹ́ńjìnnì, má rò pé nǹkan ti dí. Lẹ́yìn náà ni hóòsì òkè àti ti ìsàlẹ̀. Fi pílíásì fún etí kílíìpù, sún un sẹ́yìn, yí hóòsì sọ́tùn-ún yí i sósì kó o tó fà á. Tí hóòsì bá ti le tàbí tó wú, má dá a padà, ra òmíràn. Yọ rọ́bà tín-ín-rín tó lọ sínú ike omi ẹ̀gbẹ́ náà.

Rọ́bà gíáà ọ́ílì méjèèjì wà nísàlẹ̀, fi àwo kékeré mìíràn gbe ọ́ílì tó bá dà, má pò ó mọ́ omi, torí o máa nílò láti mọ iye tó dà kó o lè dá iye yẹn padà. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kúrò níbẹ̀, fi téèpù sàmì sí i kó o mọ èyí tó wà lápá ọ̀tún, kó o sì fi láílọ́ọ̀nù tó mọ́ dì í lẹ́nu, iyanrìn díẹ̀ péré tó bá wọ inú gíáà ti tó wàhálà.

Ẹnu wáyà fáànù, ibi kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ kó tó jáde, má fi agbára fà á. Bọ́ọ̀tù tó di ilé fáànù mú, sípánà 10 ló ń gbà á. Tú irin òkè tó di rédíétọ̀ mú, kó o gbé e sókè tààrà. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ kò ní bọ́ọ̀tù, orí rọ́bà méjì ló jókòó lé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé rédíétọ̀ àtijọ́ jù sí ààtàn tòun ti rọ́bà wọ̀nyẹn, tuntun á wá máa gbọ̀n títí ike ẹ̀ á fi là. Kóńdẹ́ńsà AC, ibi tí gáàsì AC ti ń tutù, ló wà níwájú ẹ̀ gan-an. Má tú páìpù AC kankan, gáàsì wà ńbẹ̀. Gé páálí fífẹ̀ kan kó o tì í bọ àárín rédíétọ̀ àti kóńdẹ́ńsà kó o tó gbé èkínní jáde, kó o sì fi í síbẹ̀ títí tuntun á fi jókòó, torí ewé alumíníọ̀mù wọ̀nyẹn, ìka lásán ń tẹ̀ wọ́n.

Ìyá Ìbejì Ìkéré:
Ẹ tún bá mi fi ti omi tó dà sílẹ̀ yẹn kún un. Ẹ má jẹ́ kó wà nílẹ̀ lásán. Kúláńtì yẹn, ìyẹn omi aláwọ̀ tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀, dùn lẹ́nu, ajá, ewúrẹ́, ọmọdé, gbogbo wọn ló lè lá a, májèlé sì ni, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ajá aládùúgbò wa kan lá a nínú báàsì tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní alẹ́, kò rí ọjọ́ kẹta. Tí ewúrẹ́ bá ń wọ kọ́ńpáùn yín, ẹ ti géètì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ da omi tó jáde sínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ kọ májèlé sí i lára. Èyí tó bá ta sílẹ̀, ẹ fi iyanrìn gbà á kẹ́ ẹ kó o kúrò.

Ará Ọ̀yẹ́:
Ṣé dandan ni kúláńtì? Omi la fi ń wa mọ́tò láti ọjọ́ yìí.

Mẹkáníìkì Ajílọ́sùn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìdí kẹ́túlù yín nílé, funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀ nìyẹn tó bá jẹ́ omi kànga tàbí omi bòòhóòlù lẹ ń lò, ihò inú ẹ̀ ò sì ju ti kóró ìrẹsì lọ. Omi lásán tún ń dípẹtà. Òtútù Èkìtì ò lè mú kí omi dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kúláńtì kì í ṣe torí òtútù nìkan, ó ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó, kò jẹ́ kí alumíníọ̀mù jẹ, ó ń bá wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù náà ṣe. Èyí tí wọ́n kọ sí i pé wọ́n ti pò ó tán, ẹ má bù omi lù ú. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó tó le, ẹ pò ó mọ́ omi dísítílì, ìdajì sí ìdajì. Ẹ má pọ àwọ̀ oríṣi méjì mọ́ra láì fọ inú ẹ̀ ná, àwọn kan máa ń dì bí ògì. Omi àmù lẹ lè fi dé ilé nígbà tó bá jò lójú ọ̀nà, ìyẹn ò burú, ẹ kàn dà á nù nígbà tẹ́ ẹ bá délé.

Ọmọ Ìyìn:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ní kí n yọ tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi tó sì ń pa á dé, kúrò pátápátá nígbà tí mo bá ti tú u, pé ooru Nàìjíríà ò nílò ẹ̀, kí n sì ní kí rìwáyà bá mi so fáànù pọ̀ mọ́ iná tààrà.

Awakọ̀ Ìfàkì:
Má gbà o. Wọ́n ṣe é fún mi.

Mẹkáníìkì Ajílọ́sùn:
Àwa mẹkáníìkì la kọ́ àwọn èèyàn níyẹn, mo sì fẹ́ ká jáwọ́ ńbẹ̀. Tẹ́mósítáàtì ti ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní 80 sí 84. Kí omi tó gbóná dé ibẹ̀ ó máa ń pa ẹnu ọ̀nà dé, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná tó bó ṣe yẹ. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tutù ju bó ṣe yẹ lọ, kọ̀ǹpútà ẹ̀ á rò pé òwúrọ̀ ni gbogbo ìgbà, á máa da epo sí i, ẹ ó máa ra epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ́ílì náà ò ní mọ́ pẹ́. Tó bá ti kú, ra òmíràn, kò wọ́n. Ibi tí hóòsì ìsàlẹ̀ ti wọ ẹ́ńjìnnì ló wà, nǹkan kékeré kan ń mì létí ẹ̀, òkè ni kó kọjú sí, kó o pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀ mọ́ ọn. Fáànù tó ń yí láti àárọ̀ títí alẹ́ náà ò ní pẹ́ jóná, tí kò bá yí fúnra ẹ̀, ẹ wádìí fíúùsì, rílè àti sẹ́ńsọ̀.

Tó o bá ti di gbogbo ẹ̀ tán, fífà atẹ́gùn jáde ló kù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Rọra da kúláńtì sí i, tẹ hóòsì òkè léraléra bí ẹni ń fún wàrà, wàá rí atẹ́gùn tó ń jáde, tún dà sí i. Tó bá kún, má tíì dé e. Sítáàtì, tan hítà dé ibi tó gbóná jù kí omi lè dé ibẹ̀ náà, kó o dúró tì í. Omi á máa lọ sílẹ̀, máa bù ú sí i, títí tí hóòsì ìsàlẹ̀ á fi gbóná, ìyẹn ni tẹ́mósítáàtì ti ṣí, títí tí fáànù á fi yí tó sì dúró lẹ́ẹ̀mejì. Kúláńtì lè rú jáde díẹ̀ lẹ́nu ibẹ̀, fa ojú sẹ́yìn, fi ìbọ̀wọ́ wọṣẹ́. Lẹ́yìn náà dé ìdérí, pa á, jẹ́ kó tutù ráúráú, tún wo omi ẹ̀ àti ti ike ẹ̀gbẹ́. Gíáà ọ́ílì, ìgbà tí mọ́tò bá gbóná tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wò ó, irú èyí tí wọ́n kọ sára dípsítíìkì ni kó o lò.

Ọmọ Ìyìn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ṣe é! Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ló parí. Hóòsì ìsàlẹ̀ ló gbà mí lákòókò jù, ó lẹ̀ pinpin mọ́ ẹnu ẹ̀, mo fi abẹ là á ní gígùn torí mo ti ra tuntun dání. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sítáàtì, ó ń kán tó, tó nísàlẹ̀, ọkàn mi já, àṣé kílíìpù kan ni mi ò sún dé àyè ẹ̀, mo pa á, mo jẹ́ kó tutù, mo sún un, kò kán mọ́. Páálí tẹ́ ẹ ní kí n tì bọ àárín yẹn, ẹ ṣeun, ìgbà tí mo fà á jáde ó ti họ yánnayànna, kóńdẹ́ńsà ni ì bá jẹ́. Gíáà ọ́ílì tó dà kò pé lítà kan, mo wọ̀n ọ́, mo dá iye kan náà padà. Lọ́la lẹ́yìn ìsìn màá gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n kí n rí bó ṣe máa gun òkè yẹn.

Ìyá Ìbejì Ìkéré:
Ọmọ mi, o kú uṣẹ́, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Mú omi dání o, lítà márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Ọmọ Ìyìn:
Ẹ ṣé mà. Mo mú un dání, mi ò sì lò ó. Mo gun òkè náà pẹ̀lú AC, èèyàn mẹ́rin wà nínú ọkọ̀, abẹ́rẹ́ ò kúrò ní àárín. Ní àárọ̀ òní tó tutù, omi ike ẹ̀gbẹ́ ti lọ sílẹ̀ bí ìbú ìka kan, mo fi kúláńtì kún un dé ojú ìlà.

Awakọ̀ Ìfàkì:
Atẹ́gùn tó kù ló jáde yẹn, á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Gíáà ọ́ílì ńkọ́? Ṣé o fa dípsítíìkì?

Ọmọ Ìyìn:
Mo fà á ní kété tí mo ti Ẹ̀fọ̀n dé, mo tún fà á láàárọ̀ yìí. Ó pupa, ó mọ́.